Bọ́láńlé Aránṣọ àti Nọ́ńbà Ọkọ Rẹ̀

Bí tọkọtaya bá di ara kan, tí ìdajì ara náà wá wọ ilẹ̀ lọ, ta ló ni ohun tí ìdajì tó kù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Mo bi Fíkà wa. Wọ́n ní ti Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀. Mo bi agbẹjọ́rò kan tí mo kọ́ ní kékeré. Ó ní ó dá lórí irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Mo bi Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, Kò sì tíì dá mi lóhùn, àbí kí n ní bí Ó bá ti dá mi lóhùn, etí mi ò gbọ́. Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni mí láti inú ìyá mi wá. Tíṣà ni mí nílùú Ọ̀fà níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tó ń dun ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ́bọ́láńlé aránṣọ ni. Bí ẹ bá ń ti rélùwéè bọ̀ wá sáàárín ìgboro, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí yunifọ́ọ̀mù kéékèèké ń fì lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ọmọ wà nínú wọn. Yunifọ́ọ̀mù nìkan ló ń rán. Bí ẹ bá gbé léèsì lọ bá a, á fún yín lága, á fún yín lómi, á sì júwe ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn fún yín.

Ẹ lè ní kí ló wà nínú yunifọ́ọ̀mù rírán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù keje ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń pe aránṣọ kó wá wọn àwọn ọmọ, kí wọ́n tó gba ìsinmi ńlá. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ yóò tó wọ aṣọ náà. Láàárín méjèèjì, ọmọ ń jẹun, ọmọ ń sùn, ọmọ ń ga. Àwọn aránṣọ mìíràn á kàn fi ìwọ̀n kan náà kún ti gbogbo wọn, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ ń gbálẹ̀ lójú títì, tí ti èkejì rẹ̀ sì ti sá kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Bọ́láńlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó ti wà ní nọ́sìrì, ọdún lórí ọdún. Ó mọ èyí tó ń ga lójijì bí àgbàdo òjò àkọ́rọ̀, ó mọ èyí tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanra kó tó ga. Nígbà tó bá jókòó sídìí másínnì, kì í ṣe ara tí tépù bá lóṣù keje ló ń ránṣọ fún. Ara tí ọmọ náà yóò gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìwọlé ló ń ránṣọ fún. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀fà àti Ìjágbo ń wá nìyẹn, kì í ṣe ẹnu dídùn.

Ibo wá ni ó ń kó gbogbo ìwọ̀n yẹn sí? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ayọ̀bámi ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ará Ọ̀ṣun ni, iṣẹ́ tẹkiníṣíànì ní poli ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọlúàbí ọkùnrin ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sọ́ńdè Súkùù, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ nínú ìjọ wa tí kò tíì tú palẹ̀ rí. Nígbà ayé rẹ̀ ni àwọn kan wá ṣe sẹ́mínà nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa, wọ́n lẹ bébà káàkiri: Ìfáàrà sí Kíláòdù fún Oníṣòwò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù kóòtù nínú ooru ló wá kọ́ wa. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, fún àwọn ìyá tó ń ta bùrẹ́dì àti àwọn tó ń lọ ata. Ó ní kíláòdù ń dín ìnáwó kù, ó ń mú iṣẹ́ yá, ó ń jẹ́ kí ọjà ẹni dé ibi gbogbo. Bọ́láńlé nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo gan-an lohun tá a bá kó síbẹ̀ máa wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Madam, kò síbi tí kò sí."

Mo wo òkè àjà. Mo mọ Ẹni tí kò síbi tí kò sí, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ayọ̀bámi ló wá là á yé ìyàwó rẹ̀ nílé. Bọ́láńlé ló sọ ọ́ fún mi, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà nítorí ó dára ju gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ yẹn lọ. Ó ní kì í ṣe òkè ọ̀run ni nǹkan náà wà. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ẹlòmíràn, nílùú ẹlòmíràn. Wọ́n kọ́ ilé ràgàjì, wọ́n to kọ̀ǹpútà kún un, iná kì í kú níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wọn lára tọ̀sán-tòru. Ìwọ oníṣòwò ń gba àyè nínú rẹ̀ bí ẹni gba yàrá. Bí òjò bá jo ṣọ́ọ̀bù rẹ, bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ, ẹrù rẹ ṣì wà lọ́hùn-ún. Ó ní, "Láptọ́ọ̀pù yìí, fèrèsé ni. Fèrèsé lè fọ́, ilé ò wó."

Ó ṣàlàyé dáadáa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ni àyè náà, orúkọ ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ló tẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe àrékérekè. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ló ṣe. Ajíhìnrere kan tó wá bá àwọn tọkọtaya ìjọ wa sọ̀rọ̀ ló ní ẹni tó ti di ara kan kì í ní ìlẹ̀kùn méjì: ímeèlì kan, páswọ́ọ̀dù kan, nọ́ńbà kan, kí olórí ilé sì di kọ́kọ́rọ́ mú. Gbogbo gbọ̀ngàn ló hó, "Àmín!" Ìyàwó ló ń wọn ọmọ, ìyàwó ló ń ránṣọ, ìyàwó ni wọ́n ń pè bí bọ́tìnnì bá já. Ọkọ ni nǹkan náà mọ̀.

Ọmọ̀wé ẹlẹ́wù kóòtù yẹn, ṣé kò mọ̀? Ó mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tó fi Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lé wa lórí, kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ì bá ṣe wá láǹfààní: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà níbẹ̀, òun ló ni ín.

Ayọ̀bámi kú. Àìsàn kékeré tí a rò pé ibà ni. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, ó kú. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá pín ẹrù bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Aṣọ rẹ̀ lọ síbí, bàtà rẹ̀ lọ sọ́hùn-ún. Fóònù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Adétóyè àbúrò rẹ̀. Adétóyè yọ síìmù inú rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Bọ́láńlé ò jà. Àwọn ìyá ìjọ ló sọ fún un pé opó tó bá ń bá ẹbí ọkọ fa ẹrù yóò ba ọmọ rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Láptọ́ọ̀pù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọn ò rántí, òun ló sì ń fi ṣiṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù náà mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ṣí i, ó ń wọlé tààrà, kì í béèrè nǹkan kan. Èèyàn á rò pé kò sí ewu.

Oṣù keje tó kọjá yìí ni Adétóyè dé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo gbé súpílísì mi, aṣọ funfun tí mo ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ kó bá mi rán etí rẹ̀ tó tú.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi."

Bọ́láńlé kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ọdún ju Adétóyè lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ilé ọkọ ni wọ́n bí i sí, bọ̀dá ni. "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá Tóyè. Ẹ jókòó. Mo ṣì ń fi ṣiṣẹ́ ni o, ẹ jọ̀ọ́."

"Iṣẹ́ wo? Kí ni télọ̀ ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe? Ṣé òun ló ń tẹ másínnì ni?" Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. "Ọmọ mi wọ yunifásítì. Ohun ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ohun tí ọmọ mi ò lè lò."

N kò lè dákẹ́. "Adétóyè, ohun tí obìnrin yìí fi ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn."

"Mummy, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

"Ìwọ tí o dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nìkan ni ẹbí?"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e." Ẹ̀rín wà lẹ́nu Bọ́láńlé nígbà tó sọ ọ́, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ó nu eruku láptọ́ọ̀pù náà, ó ká wáyà rẹ̀, ó fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó sọ fún mi pé, "Fèrèsé lásán ni wọ́n gbé. Wọ́n lè nu gbogbo inú rẹ̀ nù, kò kàn mí. Ẹrù mi wà nínú kíláòdù. Ayọ̀ ti kọ́ mi."

Òtítọ́ ni. Ẹrù rẹ̀ wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ó yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ ìwé ní òdìkejì, ó tẹ ímeèlì, ó tẹ páswọ́ọ̀dù, kò ṣìṣe. Ni nǹkan náà bá ní òun kò rí kọ̀ǹpútà yìí rí, òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹni tó ni àyè yìí, kó tẹ kóòdù náà kí òun lè mọ̀ pé òun ni lóòótọ́. Nọ́ńbà Ayọ̀bámi. Síìmù tí àbúrò rẹ̀ jù nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ewu, kó má bàa dà bíi pé orí fóònù nìkan là ń jà lé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Àwọn ọmọ ti fọ́nká: òmíràn wà ní Èkó, òmíràn wà lóko, òmíràn wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ìjágbo. Kò sí bí ó ṣe lè tún wọn wọ̀n kí wọ́n tó wọlé. Obìnrin tó ni ilé-ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, Mummy Caroline là ń pè é, ti sọ fún un: "Bọ́láńlé, àánú ẹ ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n àánú kọ́ làwọn òbí máa wọ̀ sọ́mọ wọn lọ́rùn lọ́jọ́ ìwọlé. Bí oṣù kẹjọ bá fi parí tí n kò gbúròó aṣọ, màá gbé e fún àwọn ará Ìlọrin, wọn ò sì ní dá a padà fún ẹ mọ́." Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn lọ, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e, nítorí ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ á wó, lórí kóòdù.

Ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ìlọrin. Wọ́n ní kí ẹni tó ni nọ́ńbà wá fúnra rẹ̀. Ó ní ó ti kú. Wọ́n ní kó lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Ó mú un wá. Wọ́n wá tẹ kọ̀ǹpútà wò, wọ́n ní háà, nọ́ńbà náà ti di ti ẹlòmíràn, ó pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn ti tà á. Wọ́n tà á! Bí ẹni pé ìsọ̀ ọjà ni, tí oníǹkan ò wá pàtẹ mọ́! Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni kíláòdù lókè òkun. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó kọ̀wé, ó ní kó fi kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀ hàn pé òun ni.

A gbé e wá sínú Ẹgbẹ́ Ìyá. A gbàdúrà tọkàntọkàn, ọ̀kan nínú wa sọtẹ́lẹ̀ pé ìlẹ̀kùn yóò ṣí. Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo bọ́ gèlè mi, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, èrò kan sì wọ inú mi wá tí n kò pè: Ọlọ́run tó mọ iye irun orí wa, ṣé nọ́ńbà mẹ́fà inú kóòdù ló ṣòro fún Un láti sọ sétí opó yìí? Mo tètè tọrọ àforíjì. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fi jì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Bọ́láńlé pe nọ́ńbà náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì dán an wò rí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún, ó dún, ni wọ́n bá gbé e.

"Hẹ́lò? Ta nìyẹn?" Ohùn obìnrin ni, ohùn tútù, bí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́.

Bọ́láńlé ju fóònù sórí òkìtì káákì. "Mọ́mì! Obìnrin ló gbé e! Ayọ̀! Ayọ̀bámi! Ṣé bó o ṣe ṣe mí nìyí?"

"Bọ́láńlé, fara balẹ̀. Wọ́n ti sọ fún ẹ pé wọ́n tà á. Òkú kì í ní àlè."

"Mo mọ̀, mo mọ̀." Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹ bá a sọ̀rọ̀, mi ò lè ṣe é."

Mo gbé fóònù, mo fi ohùn tíṣà kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi, kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ bá wa kà á."

"Hẹ̀ẹ́ẹ̀! Ẹ ti tún dé! Ohùn màmá àgbà lẹ wá ń lò báyìí? Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run! Ẹ lọ ka kóòdù fún bàbá yín!"

Ó pa fóònù. Èmi, tí mo ti ń gba àpótí ọrẹ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ni wọ́n pè ní oníjìbìtì. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà jàre. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kìlọ̀ lórí rédíò pé ká má ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Àwọn olè ti ba ọ̀nà jẹ́ mọ́ olóòótọ́ lọ́wọ́.

Bọ́láńlé ló wá ní òun á kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó kọ ọ́ pé ọkọ òun ló ni nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀, ó ti dolóògbé, Ayọ̀bámi ni wọ́n ń pè é, òun ń ránṣọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀fà, òun ò tọrọ owó. Kò pẹ́, obìnrin náà fúnra rẹ̀ pè.

"Ṣé ìyàwó Bọ̀dá Ayọ̀ ni yín?"

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ò jẹ́ kí n sùn. Ìlémọnà ni mo wà. Ẹ wá kí n fojú rí yín. Mi ò ní ka nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù."

A wọ bọ́ọ̀sì. Nàfísàt lorúkọ rẹ̀, onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú, ó ń fi kóòmù họrí ara rẹ̀ bó ṣe ń wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí lọ́jọ́sí, àbí?" Èmi ló kọjú sí. "Ẹ má bínú, Ma. Ohùn yín dán jù ni. Àwọn olè ló máa ń dán bẹ́ẹ̀."

"Mo ti dárí jì ẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kí ni mo ṣe fún yín? Láti ọjọ́ tí mo ti ra nọ́ńbà yìí, mi ò tíì sinmi. Láràárọ̀, kí n tó ṣe Sùbúhì tán, àdúrà ti wọlé: Bọ̀dá Ayọ̀, Olúwa á ṣe tiwa. Wọ́n ń kí mi kú ọjọ́ ìbí. Bàbá kan pè mí pé kí n wá wo jẹnẹrétọ̀ òun, mo ní irun ni mò ń dì, ó ní kò burú, bí mo bá dì í tán kí n máa bọ̀."

Bọ́láńlé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o," Nàfísàt wí. "Kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ni yín lóòótọ́? Ta ló ń fi àdúrà àràárọ̀ yẹn ránṣẹ́?"

"Bàbá tó ń darí Sọ́ńdè Súkùù wa ni. Àdúrà wọn máa ń gùn débi pé fóònù á gé e lójú ọ̀nà. Kì í dé àmín."

Nàfísàt pàtẹ́wọ́. "Kì í dé àmín! Wállàhí, ojoojúmọ́! Èmi Mùsùlùmí ni mo máa ń bá wọn ṣe é." Ó fa bẹ́ǹṣì fún wa. "Ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n níbí lẹ ti máa ṣí i, lójú mi. Kí n rí i pé aṣọ ọmọdé ló wà níbẹ̀, kì í ṣe owó ẹni ẹlẹ́ni. Bó bá sì ti ṣí, ẹ bá mi yọ nọ́ńbà mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín."

Bọ́láńlé ṣí fóònù rẹ̀. Ó tẹ ímeèlì, ó tẹ páswọ́ọ̀dù. Kóòdù dún lórí fóònù Nàfísàt. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bá ọmọdé ka ìwé. Ó ṣí. Orúkọ àwọn ọmọ tò wálẹ̀, ejìká, àyà, gígùn ọwọ́, ọdún lórí ọdún. Nàfísàt na ọrùn wò ó.

"Ọmọ yìí ga tó báyìí láàárín ọdún kan? Kí ni wọ́n ń fún un jẹ?"

"Ẹ̀wà," Bọ́láńlé wí, "ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹ̀wà." Ó ti ń pe Mummy Caroline bó ṣe ń sọ ọ́. "Mummy, ẹ má gbé iṣẹ́ fún ará Ìlọrin kankan o. Aṣọ ń bọ̀."

Mo mọ ohun tí àwọn ìyá ìjọ yóò sọ: àdúrà gbà, ìlẹ̀kùn ṣí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni burúkú ni wọ́n ta nọ́ńbà yẹn fún ńkọ́? Ká ní Nàfísàt ní kí a mú owó wá, tàbí kó ju síìmù náà nù bí Adétóyè ṣe jù ú? Kí ló dé tí iṣẹ́ gbogbo ayé obìnrin kan fi ní láti wà lábẹ́ àánú onídìrí tí kò mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí ọkọ fẹ́ràn rẹ̀, ìjọ fẹ́ràn rẹ̀, ẹbí sì ń pè é ní ìyàwó wa? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ tiyín lónìí. Nọ́ńbà ta ló wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ ti ọkọ, bó bá jẹ́ ti ọmọ tó bá yín ṣí i tó ní ẹ má ṣèyọnu òun ti lo tòun, ẹ yí i padà. Ẹni tó bá ní ẹ ò gbọ́kàn lé òun tó, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Ìgbà tó kan kí Bọ́láńlé yọ nọ́ńbà Ayọ̀bámi kúrò, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nǹkan náà ń bi í bóyá ó dá a lójú. Bọ́láńlé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi orúkọ àti nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Nǹkan náà ò tíì tán. Ó ní kó mú ẹnìkejì kan, ẹni tí òun lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí bí òun bá wá Bọ́láńlé tí òun ò rí i. Bọ́láńlé wo Nàfísàt, Nàfísàt gbọ́wọ́ sókè pé kó má dé ọ̀dọ̀ òun. Ó wá yíjú sí mi.

"Mọ́mì, mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Mo ti dàgbà jù ẹ́ lọ, Bọ́láńlé. Tí mo bá kọ́kọ́ lọ ńkọ́?"

"Nígbà yẹn, màá tún wá ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ lọ ńkọ́? Wọ́n á dé, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á kó másínnì, wọ́n á kó fóònù. Kí wọ́n kó o. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà yín síbẹ̀. Kóòdù á dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má kà á fún ẹbí kankan, ẹ má kà á fún Fíkà, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó. Àwọn ọmọ mi nìkan ni kẹ́ ẹ kà á fún. Ẹ bá mi ṣe é, Mọ́mì. Kí ni nọ́ńbà yín?"